Ilé ilẹ̀ létí òkun: bí mo ṣe pín yàrá ilé Ìyá

Bíríkìlà ni mí. Akúrẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, Akúrẹ́ náà ni mo ti ń jẹun lórí ẹ̀. Ilẹ̀ tí mo mọ̀ ni ilẹ̀ pupa tó le, tí díágà á máa ta iná lórí òkúta kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé ibi tó yẹ. Nígbà tí ìyàwó mi ní ká kọ́lé fún ìyá òun létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ṣáà ni ilé. Mo mú pulánù kan tí mo ti fi kọ́lé mẹ́rin ní Ọbá-Ilé, mo wọkọ̀ gba Oǹdó, mo gba Ọ̀rẹ̀, mo gba Òkìtìpupa, mo sọ̀ ní Igbókòdá, mo gbé báàgì mi wọnú ọkọ̀ ojú omi. Ọdún 2016 nìyẹn. Ilé tí mo kọ́ nígbà náà, èmi fúnra mi ni mo padà lọ wó o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe é, torí inú àṣìṣe yẹn ni ọ̀rọ̀ mi ti jáde. Fàràǹdá kékeré wà níwájú, pálọ̀ tẹ̀ lé e, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan gba àárín ilé kọjá, yàrá méjì wà lápá ọ̀tún, yàrá kan àti kíṣìnì lápá òsì, ilé ìwẹ̀ wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní Akúrẹ́, ilé gidi nìyẹn. Létí òkun, kíṣìnì bọ́ sí igun tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń wọlé gan-an. Gbogbo èéfín ẹja tí Ìyá ń yan ló ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ìyàwó mi bá ti ibẹ̀ dé, kò sẹ́ni tó ń bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì pé níbo ló lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀hún ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, àwọn yàrá tó wà lódìkejì afẹ́fẹ́ ń móoru bí ààrò. Páànù dípẹtà. Màá dé orí ti irin tó ya kọnkéré.

Nígbà tí a padà lọ ní 2021, Ìyá ò jẹ́ kí n ṣí pulánù rárá. Ó ní, "Bàbá Dámi, ẹ jókòó ná. Níbo latẹ́gùn ti ń bọ̀?" Mo nawọ́ sí òkun. Ó fa igi ìdáná kan yọ, ó tẹ̀ ba, ó fi fa ìlà gígùn kan sórí yanrìn láti apá òkun wá sí ẹsẹ̀ mi, ó ṣe orí ọfà sí i. Kò ya yàrá kankan. Ó ní, "Ẹ gbé ilé yín lé èyí." Ó bá lọ yí ẹja rẹ̀ padà lórí iná.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ igi gígùn, ẹ rì í mọ́ ibi tí ẹ fẹ́ kọ́lé sí, kí ẹ sì wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ní etí òkun tiwa, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún, ọ̀sán ló sì ń le jù, nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbóná. Lálẹ́ ó lè rọlẹ̀, tàbí kó tiẹ̀ máa ti orí ilẹ̀ lọ sínú òkun. Ọyẹ́ á wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láàárín December sí January, á máa fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn. Ìyẹn ò pẹ́. Ẹ má tìtorí ọyẹ́ ya ilé.

Oòrùn ló kàn. Lọ́dọ̀ wa níbí, àárín òkè lórí wa ni oòrùn ń gbà kọjá, kì í ta ògiri àríwá àti ti gúúsù tó bẹ́ẹ̀. Ògiri ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn ló ń jìyà, pàápàá ti ìwọ̀-oòrùn, tó ń gba iná láti aago mẹ́ta títí ilẹ̀ fi ṣú, tí á sì máa tu ooru náà sínú yàrá nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ilé gùn láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjèèjì kọjú sí oòrùn, kí ẹ̀gbẹ́ gígùn kọjú sí òkun. Ohun kan náà ni afẹ́fẹ́ ń wí. Inú mi dùn pé wọn ò bá ara wọn jà.

Kí ẹ tó ra ilẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà abúlé pé níbo ni òkun wà nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ẹ má bi ọ̀dọ́, ẹ má sì bi ẹni tó ń ta ilẹ̀ náà. Òkun ń jẹ ilẹ̀ ní Ìlàjẹ. Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀dó ní 1947, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà kan nítorí bí wọ́n ṣe ń jùmọ̀ ṣiṣẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹ, òkun ti gbé ilé àti ojú ọ̀nà lọ níbẹ̀. Ìyá nawọ́ hàn mí ibi tí igi àgbọn bàbá rẹ̀ wà. Inú omi ni. A bá fi ilé sẹ́yìn dáadáa, síbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, tí àgbọn àti koríko ti di yanrìn mú. Ìrìn etí omi wá gùn sí i, àwọn ọmọ ń ráhùn. Kí wọ́n máa ráhùn.

Ó wá kan yàrá pínpín. Ilé kejì tí mo kọ́ yìí gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 49, ó sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 26 àti íǹṣì 3, láìka fàràǹdá. Bí mo ṣe rí iye yẹn rèé: ìpín mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 14, 18, 14, ẹ ti rí 46, ògiri mẹ́rin oníbúlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 ló kó ẹsẹ̀ bàtà 3 tó kù. Láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá 12 àti yàrá 12, ògiri mẹ́ta ló kó ìyókù. Ẹ máa ka ògiri mọ́ ọn nígbà gbogbo. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ya yàrá sórí bébà tí wọ́n gbàgbé pé ògiri náà ń jẹ ilẹ̀, tí bẹ́ẹ̀dì wá kọ̀ láti wọlé.

Ìpín àárín, tó jẹ́ 18, ni pálọ̀. Mi ò dá a ní ògiri kankan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn iwájú kọjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, fèrèsé wà lọ́tùn-ún lósì ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, fèrèsé sì kọjú sí fèrèsé. Afẹ́fẹ́ tí kò bá rí ọ̀nà jáde kì í wọlé. Bí ẹ bá ṣe fèrèsé gbàràmù-gbaramu síwájú, tí ẹ wá fi ògiri dí ẹ̀yìn, ẹ ti fi owó ṣòfò. Àwọn kan ò fẹ́ kí ẹni tó dúró síwájú ilé máa wo ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ta aṣọ ìkélé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síbẹ̀. Ìyá ta tirẹ̀, atẹ́gùn ń gbé e sókè látàárọ̀, gbogbo wa ṣì ń rí ẹ̀yìnkùlé.

Yàrá Ìyá ni igun iwájú lápá ìlà-oòrùn. Afẹ́fẹ́ òkun ń wọ ibẹ̀ tààrà, oòrùn àárọ̀ ń jí i, ní ọ̀sán ó ti tutù. Yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ tàwọn ọmọ-ọmọ. Èyí tó wà níwájú lápá ìwọ̀-oòrùn ni ti àlejò, ìyẹn èmi àti ìyàwó mi, torí àwa la lè fara da ooru ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ká tó padà sí Akúrẹ́. Mo fi àyè ìkáṣọsí gba gbogbo ògiri ìwọ̀-oòrùn yẹn, kí aṣọ máa gba ooru dípò wa. Lókè ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan, mo to búlọ́ọ̀kù oníhò sí ìlà kan, kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá lálẹ́ bí wọ́n bá tilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ inú yàrá náà ń gba ibẹ̀ kọjá o, kí ẹ mọ̀.

Igun kẹrin, lẹ́yìn lápá ìwọ̀-oòrùn, ni mo pín sí méjì: ibi ìkóǹkansí lápá ìta níbi tí ooru ti pọ̀ jù, ilé ìwẹ̀ àti tọ́ìlẹ́ẹ̀tì lápá inú, fèrèsé wọn sí àríwá, kí òórùn lè bá ẹ̀yìn ilé jáde. Ilé ìwẹ̀ yìí ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan láti inú ilé, ọ̀kan láti fàràǹdá ẹ̀yìn. Ẹni tó ti òkun dé, tí ìpẹ́ ẹja àti yanrìn bò lẹ́sẹ̀ dé orúnkún, ìta ló máa gbà wọ ibẹ̀, á wẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ, kó tó gba tinú jáde sí pálọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, ẹ mú ilẹ̀kùn kejì yẹn. Àbúrò ìyàwó mi tó ń lọ sókun ní kò sí ẹni tó ń lérí mọ́ òun mọ́ nílé.

Fàràǹdá wá ńkọ́? Iwájú jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ẹ̀yìn jìn ní 10. Ẹ rí i pé ẹ̀yìn ló pọ̀ jù. Nínú ilé àkọ́kọ́ tí mo padà lọ wó yẹn, iwájú ni mo ṣe lẹ́wà, mo fi òpó olóbìírípo méjì sí i, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ àfi àwọn tó wá gba owó. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣa edé, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń hun ẹní, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹ wo ibi tí àwọn obìnrin ilé ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi owó síbẹ̀.

Kíṣìnì kúrò lára ilé pátápátá. Ó dá dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 12 sí fàràǹdá ẹ̀yìn, ní igun àríwá ìlà-oòrùn, tí afẹ́fẹ́ á ti gbé èéfín kúrò lára ilé. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan bo ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ síbẹ̀, kí òjò má baà pa ọbẹ̀. Ògiri rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3 péré, òpó ló gba ìyókù dé òrùlé. Ààrò mẹ́ta, pẹpẹ igi lókè wọn fún ẹja àti púpurù, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fi èéfín gbẹ. Nígbà ọyẹ́ èéfín máa ń yí padà wọ yàrá àwọn ọmọ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Wọ́n á ti fèrèsé yẹn. Sítóòfù gáàsì tí ìyàwó mi rà wà níbẹ̀ náà, síta, abẹ́ òrùlé. Ìyá ń gbé ìkòkò omi lé e lórí, kò tí ì tan án rí.

Ilẹ̀ ilé gbọ́dọ̀ ga. Omi kò jìnnà sílẹ̀ níbẹ̀. Kòtò tí a gbẹ́ kò tíì dé àyà mi tí omi fi ń sun. Mo gbé ilé sókè tó fi gba àtẹ̀gùn márùn-ún, íǹṣì 7 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn íǹṣì 35. Fún Ìyá, mo tún ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, ó ga tó íǹṣì 35 náà, ó sì nà tó ẹsẹ̀ bàtà 30 kó má baà ga jù. Ó ní òun ò tí ì dàgbà. Àmọ́ ibẹ̀ ló ń gbà.

Ọ̀rọ̀ yanrìn wá nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ní 2016, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó yanrìn odò àti òkúta wá gbówó lórí. Mo wo ẹsẹ̀ mi, yanrìn funfun tó mọ́ rèé títí lọ, ọ̀fẹ́. Mo fi da òpó. Ní ọdún kejì, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ń yọ lára ògiri, ẹ fi ọwọ́ nù ún, ó tún yọ. Lẹ́yìn náà òpó iwájú fọ́ lóròó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi òòlù kàn án, èèpo rẹ̀ ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, irin inú rẹ̀ ti wú, ó pupa, ó ń ya bí èèpo igi. Iyọ̀ ló mú irin dípẹtà, ìpẹtà gba àyè ju irin lọ, ó sì tú kọnkéré ká. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀gá.

Nítorí náà: ẹ má fi yanrìn etí òkun da kọnkéré tó ní irin nínú, ẹ má sì fi omi òkun pò ó. Yanrìn odò ni kí ẹ rà, kí ẹ sì tọ́ ọ wò. Mo sọ ọ́ tinútinú: ẹ bù ú díẹ̀ sínú ife omi mímu, ẹ rò ó, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ fi ahọ́n kan omi náà. Bí ó bá níyọ̀ bí omi ọbẹ̀, ẹ dá ọlọ́kọ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí kọnkéré bo irin tó íǹṣì 2 níhà gbogbo; ní Akúrẹ́, íǹṣì 1 la máa ń fi sílẹ̀. Fún òpó àti fún ìgbànú kọnkéré tó yí orí ògiri ká, mo kúrò ní sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2, òkúta 4, mo lo sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 1 àbọ̀, òkúta 3. Ó gbówó lórí. Ilé tí a wó lówó jù ú lọ.

Òrùlé náà kò gbà kí ẹ ṣe bó ti wù yín. Mo ṣe é kó dà sílẹ̀ níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí èyí tó ní imú gogoro lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì máa ń gba ìjì lójú. Páànù alumíníọ̀mù ni mo lò dípò èyí tí wọ́n fi síǹkì bò, mo sì rí i pé ìṣó rẹ̀ bá a mu, kì í ṣe ìṣó ọjọ́kọ́jọ́ tó máa kọ́kọ́ jẹrà. Etí òrùlé yọ jáde ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí òjò tó ń fì wọlé má baà dé fèrèsé. Ṣùgbọ́n etí gígùn ni ìjì ń dì mú láti ṣí òrùlé. Kí ẹ tó da ìgbànú kọnkéré, ẹ ri irin sínú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta mẹ́ta, kí kápẹ́ńtà fi de igi tó sùn lórí ògiri. Ẹ dúró tì í kí ó dè é. Ẹ má lọ jẹun.

Fèrèsé: mi ò ṣe èyí tí wọ́n ń sún kọjá lórí ara rẹ̀, torí ìdajì rẹ̀ nìkan ló ń ṣí. Lúfà ni mo fi sí i, èyí tó ní pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó jọ ń ṣí, tó ń gba gbogbo afẹ́fẹ́ wọlé, a wá fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó. Aburú rẹ̀ ni pé òjò ńlá máa ń gba àárín rẹ̀ wọlé bí ẹ bá gbàgbé láti tì í. Etí òrùlé yẹn ló gbà wá.

Kànga wà nínú ọgbà, omi rẹ̀ máa ń ní iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi òjò ni Ìyá ń mu. Kí ẹ má rò pé kékeré ni: òjò íǹṣì kan lórí ilé 49 sí 26, láìka etí òrùlé, súnmọ́ lítà 3,000. Mo fi ọ̀pá yí etí òrùlé ká, ó ń dà sínú táǹkì méjì lápá iwájú, jìnnà sí èéfín kíṣìnì tó máa ń kó èérí sórí páànù. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń jẹ́ kó dànù. Kòtò tọ́ìlẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, a fi kọnkéré di ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó má jò, torí nínú yanrìn, nígbà tí omi súnmọ́ ilẹ̀ báyìí, ohun tó bá jò síbi kan máa ń dé ibòmíràn. Láti kòtò yẹn sí kànga kò dín ní ẹsẹ̀ bàtà 100.

Ohun tó kù ni èyí tí a kọ́kọ́ ṣe kí bíríkìlà kankan tó gbẹ́lẹ̀. Ẹ má fi bébà han ìyá àgbà. Ẹ kan èèkàn, ẹ ta okùn sí ibi tí ògiri kọ̀ọ̀kan máa wà, ẹ dá àyè sílẹ̀ níbi ilẹ̀kùn, kí ẹ sì ní kí onílé máa rìn nínú rẹ̀ bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ìyá gbé bàsíà ẹja lé orí, kì í ṣe àṣehàn, ẹja wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, omi ń kán sí i léjìká. Ó ti kíṣìnì bọ̀, ó gun fàràǹdá tí kò tí ì sí, ó yà gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó dúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bàsíà sọ̀kalẹ̀ sí ìbàdí, ó yí ẹ̀gbẹ́, ó kọjá, igbọ̀nwọ́ rẹ̀ fa okùn já.

Ẹsẹ̀ bàtà 3 ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Mo fa èèkàn náà tu, mo fi íǹṣì 6 kún un, mo ní kí ó tún gbé e kọjá.